Ààwẹ̀ 40 ọjọ́ ṣeé gbà, ìṣínu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣé èèyàn ẹlẹ́ran ara lè gba ààwẹ̀ 40 ọjọ́ bíi ti Mósè àti Jésù lóòótọ́, ọ̀rọ̀ omi ni o. Tí omi bá wà, ó ṣeé ṣe. Mátíù 4:2 ní ebi wá ń pa Jésù nígbà tó parí, kò dárúkọ òùngbẹ rárá. Ti Mósè ni Ẹ́kísódù 34:28 sọ gbangba pé kò jẹ kò mu, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lórí òkè ló sì wà, iṣẹ́ ìyanu nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò, torí láàárín ọjọ́ mélòó kan péré ni kíndìnrín tí ò rí omi máa daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ́sítérì pàápàá, ọjọ́ 3 péré ló ní kí wọ́n má fi jẹ, kí wọ́n má fi mu.

Angus Barbieri ará Scotland lo 382 ọjọ́ láìjẹun ní 1965 sí 1966, àmọ́ ó sanra gan-an tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń fún un ní fítámínì. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n 10 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ oúnjẹ láti fi ẹ̀hónú hàn títí ebi fi pa wọ́n kú ní Northern Ireland ní 1981, tomi tiyọ̀ tí wọ́n ń mu, láàárín ọjọ́ 46 sí 73 ni wọ́n kú, ẹ wá wo ibi tí 40 wà sí i.

Bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún ààwẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Èmi náà gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìṣínu gan-an ló fẹ́ gbẹ̀mí mi. Ó rẹ̀ mí, wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù, dókítà tó wà níbẹ̀ gbọ́ pé ààwẹ̀ ni, ó pòṣé, ó ní ẹ̀yin onísìn yìí, ó ní kí wọ́n fa omi glúkóòsì, ìyẹn omi ṣúgà, sí mi lára kíákíá, kò tiẹ̀ bèèrè ìgbà tí mo jẹun gbẹ̀yìn! Kó tó dalẹ́ ẹsẹ̀ mi ti wú, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi á jìn wọlé, kò ní tètè dìde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ṣíbí ń já bọ́, àyà mi á lù kìkìkì, á dédé dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní ebi ni. Ebi kọ́! Tí ṣúgà bá já lu ara tó ti pẹ́ tó fi ọ̀rá ara ẹ̀ gbé ẹ̀mí ró, insulin, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà, máa kó phosphate àti potassium, àwọn èròjà tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, láti inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ara, ọkàn ò ní rí nǹkan lò mọ́. Dókítà kékeré kan tó wọṣẹ́ lálẹ́ ló yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, òun ló dá omi glúkóòsì náà dúró. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ni, àbí wọn ò bìkítà?

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ́ kí wòlíì kankan tì yín síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ò bá ti jẹun ju ọjọ́ 5 lọ, díẹ̀díẹ̀ ni kó fi ṣínu. Tí wọ́n bá fẹ́ fa glúkóòsì sí yín lára, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ní thiamine, ìyẹn fítámínì B1, kí wọ́n sì yẹ phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, bí wọ́n bá pòṣé ẹ jẹ́ kí wọ́n pòṣé.