Wáyà ní "a ò rí i": níbo ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa àgbà sùn sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa àgbà lọ sí ìlú ọba nígbà ogun Hitler, wọ́n ní bàlúù tó ń ju bọ́ǹbù ló wà. Ní 1944, wáyà dé sí Èkó pé bàlúù wọn kò bọ̀, pé a ò rí i. Bàbá wa àgbà kú láì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní London, ó ti ṣe tán láti bá wa wá a. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ṣeé ṣe kí a rí ibojì rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kí ẹ tó rán ẹ̀gbọ́n yín níṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ tú àpótí ìwé bàbá àgbà yín. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ ni kí ẹ máa wá, ó lè wà lẹ́yìn fọ́tò, lára àpòòwé, tàbí nínú wáyà yẹn gan-an. Mo fẹ́ nọ́ńbà yìí ju orúkọ lọ, torí àwọn akọ̀wé òyìnbó máa ń ba orúkọ Yorùbá jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wo àyà ẹ̀wù rẹ̀ nínú fọ́tò. Bí àmì ìyẹ́ bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ó ń fò lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wọ RAF, ìyẹn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá sì ń dárúkọ Bọ́mà, ẹ sọ fún mi, torí àwọn ológun orí ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀nà ibòmíràn la ó gbà wá wọn.

Ọ̀rọ̀ inú wáyà yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́nà. "A ò rí i" tí wọ́n kọ nígbà náà kò ní kí wọ́n má rí i lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ránṣẹ́: bàlúù gbéra lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, kò bọ̀. Ó lè ti já sómi. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè ti fi párásúùtù bẹ́, kí wọ́n ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, tí Red Cross ní Geneva á sì wá fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí London. Bí nǹkan bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìsí ìròyìn, lẹ́tà míì á tẹ̀ lé e pé àwọn ti kà á sí òkú.

Ẹni tó bẹ́ yọ kò pọ̀. Ènìyàn méje ló máa ń wà nínú Lancaster, ọ̀kan lára àwọn bàlúù ajubọ́ǹbù ńlá wọn, ihò tí wọ́n fẹ́ gbà jáde níwájú kò sì ju ínǹṣì 22 lọ ní fífẹ̀. Ẹ ro ti ẹni tó wọ ẹ̀wù òtútù, tó so párásúùtù mọ́yà, nínú òkùnkùn, nígbà tí bàlúù ń jó tó sì ń pòòyì. Àwọn bàlúù ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí pàdánù ènìyàn 55,573 nínú nǹkan bí 125,000 tó fò nínú wọn.

Síbẹ̀, àwọn kan yọ. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, ló ń fi máàpù tọ́nà nínú Stirling kan, bàlúù ajubọ́ǹbù mìíràn, tí wọ́n yìn lulẹ̀ ní Jámánì ní oṣù kọkànlá 1943. Ó fara gbọgbẹ́, wọ́n mú un, ó wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Stalag Luft I títí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi dé ní 1945. Ó padà di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ní Sierra Leone. Ti ọmọ Nàìjíríà wa, Bankole Vivour, kò rí bẹ́ẹ̀. Lancaster ti Squadron 156 (Squadron ni ẹgbẹ́ bàlúù ogun) ló wà lálẹ́ 30 sí 31 oṣù kẹta 1944, nígbà tí bàlúù 795 gbéra lọ sí Nuremberg lábẹ́ òṣùpá, tí 95 nínú wọn kò bọ̀. Hotton ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ibojì rẹ̀ wà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó wà nínú irú ibojì bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ogun, RAF yan àwọn kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá àwọn tó sọnù. Abúlé dé abúlé ni wọ́n ń bi àlùfáà, olórí ìlú àti àwọn agbẹ́lẹ̀-òkú léèrè ibi tí bàlúù já sí àti ẹni tó sin òkú. Wọ́n ń hú òkú, wọ́n ń wo òrùka, bàtà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àní nọ́ńbà tí alágbàfọ̀ kọ sí ọrùn ẹ̀wù. Èyí tí wọn kò bá lè yà sọ́tọ̀, wọ́n á sin ín pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Coll. grave" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

Ó yá, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun tó kú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ìdílé nìkan, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ àti bí òyìnbó ṣe lè bà á jẹ́, kí ẹ sì yan Air Force àti 1944. Bí ó bá jẹ́ Runnymede ni wọ́n kọ fún yín, kò ní ibojì tí a mọ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú àwọn tó lé ní 20,000. Runnymede kò jìnnà sí London, ẹ̀gbọ́n yín lè lọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ó bá jẹ́ orúkọ itẹ́ òkú ni ẹ rí, ibojì wà, nọ́ńbà ìlà rẹ̀ náà á wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá orúkọ kan náà nínú àkójọ International Bomber Command Centre ní Lincoln, ibi ìrántí àwọn tó fò nínú bàlúù ajubọ́ǹbù, ẹ ó rí Squadron rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bàlúù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ̀gbọ́n yín tó lọ sí National Archives ní Kew, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ sí, kó béèrè AIR 27, ìwé ojoojúmọ́ Squadron náà: aago tí wọ́n gbéra, ibi tí wọ́n ń lọ, àti gbólóhùn kúkurú pé bàlúù yìí kò padà. AIR 81 ni fáìlì àwọn tó kú tàbí tó sọnù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀, láti 1939 bọ̀. Kó béèrè, kó má gbára lé e.

Bí ibojì bá wà, ẹ má tíì pa ojú ìwé Commission yẹn dé. Wọ́n ti ya àwòrán ìwé tí wọ́n fi gbẹ́ òkúta ibojì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń bi ẹbí léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn kọ sí i, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó dáhùn sì lè wà lára ìwé náà. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ní Èkó dáhùn.