Ìwé Yorùbá mi ti jáde: báwo ni mo ṣe máa gbé e dé ilé ìtàwé, kí n sì kà á fáwọn èèyàn níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Yorùbá, mo sì fi owó ara mi tẹ 300 ẹ̀dà. Mo gbé e lọ sí ilé ìtàwé méjì. Ti àkọ́kọ́ ní kí n fi mẹ́ta sílẹ̀; ó pé oṣù márùn-ún báyìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìkejì ní àwọn kì í ta ìwé Yorùbá àfi èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá sí Ìbàdàn, pé àwọn ilé ìtàwé kan wà tí òǹkọ̀wé ti máa ń ka ìwé rẹ̀ fáwọn èèyàn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé èmi ni mo máa sanwó ni, àbí àwọn ni wọ́n máa san fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìnáwó. Kéèyàn yọ owó 300 ẹ̀dà nínú owó oṣù olùkọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tàwé n'Íbàdàn. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé pẹpẹ kì í tàwé. Ìwé kàn ń dúró níbẹ̀ ni. Ohùn èèyàn ló ń tà á: ohùn ẹni tó kọ ọ́, àti ohùn ẹni tó kà á tán tó wá ń ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwé Yorùbá tí kò sí lára ìwé tíjọba yàn fún ilé ìwé nílò ohùn yẹn ju ìwé èyíkéyìí lọ, torí kò sí tíṣà kan tó máa ní káwọn ọmọ lọ rà á lọ́la. Torí náà, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ẹ mú ẹ̀dà kan, kí ẹ fi í há àárín ìwé mìíràn níbi tí ẹ ń kówèé sí nílé, kí ẹ wá sún ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kí lẹ rí? Bí wọn ò bá kọ orúkọ ìwé sí ibi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, funfun lásán lẹ máa rí. Ohun tí oníbàárà wa náà máa rí nìyẹn, kò sì ní fa funfun lásán yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé bóyá nọ́ńbà ISBN wà níbẹ̀. Ibi Ìkówèésí Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fún wa ní nọ́ńbà yìí. Òǹkà mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, ti orílẹ̀-èdè wa sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Òun ni kọ̀ǹpútà wa fi ń dá ìwé yín mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Òfin tún ní kí ẹni tó tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta fún Ibi Ìkówèésí náà láàárín oṣù kan. Bí ẹ ò bá tí ì ṣe é, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù báyìí lọ.

Kí ẹ sì wo àmì ohùn dáadáa. Òǹkọ̀wé kan gbé ìtàn tó dùn gan-an wá fún mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́: gbogbo ibi tó yẹ kí “ẹ̀” àti “ọ́” wà ti di àpótí kékeré òfìfo, torí pé irú lẹ́tà tí atẹ̀wé lò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gba àmì wa. Mo wo oníbàárà mẹ́ta lọ́jọ́ náà tí wọ́n ṣí ìwé yẹn, tí wọ́n tún pa á dé. Ó dùn mí títí di òní. Tí ẹ bá tún máa tẹ òmíràn, ẹ ní kí atẹ̀wé fún yín ní ẹ̀dà kan ṣoṣo kí ẹ kà á látòkè délẹ̀ kó tó tẹ ìyókù.

Ó wá kan owó. Ilé ìtàwé aládàáni kì í sábà fowó sílẹ̀ ra ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tuntun. A máa gbà á ká bá yín tà á. Èyí tó bá tà, a máa yọ tiwa, a máa san tiyín. Èyí tí kò bá tà, ẹ máa wá kó o. Tiwa sábà máa ń tó 30 sí 40 nínú 100 iye tó wà lẹ́yìn ìwé. Mo mọ̀ pé ó máa ń ro òǹkọ̀wé lára, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ la ti ń san owó ilé, owó òṣìṣẹ́ àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Ká ní ₦2,000 ni ẹ̀dà kan ná yín. Bí ẹ bá kọ ₦3,000 sí i, tí a yọ 40 nínú 100, ìyẹn ₦1,200, ₦1,800 ló máa kù fún yín. Ẹ ti pàdánù ₦200 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nìyẹn, a ò sì tí ì ka owó ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá kọ ₦5,000, a gba ₦2,000, ẹ gba ₦3,000, ẹ jèrè ₦1,000. Ohun kan tó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀: ẹ má ṣe tà á ní ₦3,500 fáwọn èèyàn lórí WhatsApp nígbà tí àwa ń tà á ní ₦5,000. Oníbàárà á rò pé a rẹ́ òun jẹ, a ò sì ní gba ìwé yín mọ́.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye ẹ̀dà, iye tí a máa yọ, ọjọ́ tí a máa ṣírò, ẹni tó máa ru àdánù bí òjò bá pa á. Kí ẹ̀yin àti onílé ìtàwé fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìtàwé tèmi, tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí à ń pè ní tábìlì àlejò. Ibẹ̀ la máa ń tẹ́ ìwé tuntun sí, ojú rẹ̀ sókè, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, á wọ pẹpẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan la ó sì máa rí. Àsìkò tó wà lórí tábìlì yẹn gan-an ni kí ẹ wá kà á. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ló dáa jù, nítorí àwọn kan ti máa rí i nígbà náà, wọ́n á sì ti máa béèrè ta ló kọ ọ́. Ẹ yẹra fún oṣù September, torí ìwé ilé ìwé ló máa ń gba gbogbo ilé ìtàwé nígbà náà. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú, òwàǹbẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ Àìkú, láti aago méjì ọ̀sán, bá wa lára mu: àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé, ẹ ó sì ti parí kí àwọn Mùsùlùmí tó dìde kírun Àsárì.

Kí ẹ má sọ ọ́ di ìfilọ́lẹ̀ o. Mo bẹ̀ yín. Ìfilọ́lẹ̀ ní alága, ó ní olùfilọ́lẹ̀, ó ní àpòòwé, àwọn èèyàn sì ti mọ̀ pé wọ́n máa pe orúkọ àwọn síta kí àwọn wá dáwó. Òmíràn á dá ₦50,000, á gbé ìwé lọ sílé, kò sì ní ṣí i láéláé. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé tí kò lówó á jókòó sílé ní tirẹ̀. Ìkàwé lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde yín ketekete pé ẹ ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí èmi kọ́kọ́ gba òǹkọ̀wé lálejò, mo to àga ọgọ́ta. Èèyàn mọ́kànlá ló wá, wọ́n fọ́n káàkiri bíi ìdánwò. Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, ó kà á fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láìgbójú sókè. Ẹ̀dà méjì la tà. Lẹ́yìn ìgbà náà, àga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń tò, yíká tábìlì. Bí èrò bá pọ̀, àwọn kan á dúró, ìyẹn ò sì burú. Ìyàwó ilé kan tó kọ ìwé wá kà níbẹ̀. Orí kẹrin ló ṣí, níbi tí ìyálé àti ìyàwó ti ń jà lórí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ka ti ìyálé, ohùn rẹ̀ wúwo. Ó ka ti ìyàwó, ohùn rẹ̀ ń sáré. Ó dé ibi tí ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn, ó pa ìwé dé. “Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?” ni bàbá kan fi bọnu. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí tábìlì. Bí wọ́n ṣe tò síwájú akápò wa nìyẹn.

Ẹ yan ibi mẹ́ta, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú méje lọ. Ibi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn ló dáa jù. Ẹ kà á sókè nílé létí ẹni tó dàgbà jù yín lọ; ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Bí orin bá wà nínú ìtàn náà, ẹ kọ́ àwọn èèyàn ní ègbè rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ la fi tọ́ wa dàgbà, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó bí ère tẹ́nì kan bá ń pìtàn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari ti àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1961, orúkọ Igbo ni wọ́n fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e tí Dúró Ládiípọ̀ ṣí ti Òṣogbo, àwọn ará ìlú gbọ́ ọ sí Yorùbá: “Mbárí mbáyọ̀,” bí mo bá rí i, inú mi ì bá dùn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín.

Ní ti owó tí ẹ béèrè: èmi kì í gba owó àyè, mi ò sì ń sanwó fún òǹkọ̀wé. Àwọn ibòmíràn máa ń gbà á, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbà. Mo máa ń pèsè àga àti omi tútù. Òǹkọ̀wé sábà máa ń gbé pọ́fùpọ́fù tàbí ẹ̀pà wá. Ẹ kó ọgbọ̀n ẹ̀dà dání, pẹ̀lú bírò méjì. Ẹ béèrè orúkọ olúkúlùkù kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí orúkọ náà bó ṣe yẹ.

Mẹ́ta tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ padà lọ, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá ti tà á, ẹ gba owó yín, kí ẹ fi márùn-ún sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹ bá bá a pẹ̀lú eruku lórí, ẹ nù ún, kí ẹ kó o wá sí Ìbàdàn mọ́ àwọn ìyókù.