Káàdì Mantle 1956 tí igun ẹ̀ mú jù: báwo la ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti gé e?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Baltimore ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì baseball àtijọ́ jọ ni. Mo ra káàdì Mickey Mantle, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré baseball àtijọ́, tí kọ́ḿpìnì Topps tẹ̀ jáde lọ́dún 1956, lọ́wọ́ ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ káàdì, kò sí nínú ike àwọn kọ́ḿpìnì tó ń gréèdì, ìyẹn àwọn tó ń yẹ káàdì wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, nylon lásán ló wà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáṣá, etí ẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ dọ̀tí díẹ̀, ó sì jọ pé ó ti ṣẹ́ rí níbì kan. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti gé etí ẹ̀ kí igun ẹ̀ lè mú bíi tuntun. Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí n tó náwó sí àwọn tó ń gréèdì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ohun tó o kọ yẹn gan-an ló ń fu mí lára, pé ẹ̀yìn ti gbó, igun ò gbó. Igun ló máa ń kọ́kọ́ gbó lára káàdì, torí àwọn ọmọdé ló ni ín nígbà yẹn, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á fi rọ́bà so ó pọ̀, wọ́n á máa fi ṣe pàṣípààrọ̀ nílé ìwé. Káàdì tó rí gbogbo ìyẹn débi pé ó ṣẹ́, tí igun ẹ̀ wá mú bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó yẹ ká béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Rúlà onírin ni kó o kọ́kọ́ mú, èyí tí wọ́n pín ínṣì ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Káàdì Topps láti 1952 dé 1956, ínṣì 3 3/4 ni gígùn ẹ̀, 2 5/8 ni ìbú ẹ̀. 1957 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 3 1/2 àti 2 1/2 tá à ń lò títí dòní, torí náà má lọ gbé káàdì tuntun lé e lórí pé o fẹ́ fi wọ̀n ọ́n o. Ti 1956 yìí dùbúlẹ̀ ni, ojú Mantle wà lápá kan, òun náà ló tún ń fò sókè mú bọ́ọ̀lù lápá kejì, fún ìdí èyí láti òsì sí ọ̀tún ni gígùn ẹ̀. Wọ̀n ọ́n lókè, kó o wọ̀n ọ́n láàárín, kó o tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, torí ẹni tó ń gé e lọ́wọ́ kì í sábà gé e gún, wàá rí i pé ibì kan pé, ibì kejì ti dín.

Ṣùgbọ́n rúlà nìkan ò tó jàre. Àwọn kan wà tó kéré díẹ̀ láti fáktírì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ ibi náà sì gbọ́n, wọ́n á fi omi díẹ̀ mú kí káàdì náà rin, wọ́n á fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ kí ibi tó ṣẹ́ lè pòórá, bébà yẹn á fẹ̀ sí i, wọ́n á wá gé èyí tó lé kúrò, tó o bá wọ̀n ọ́n ó máa pé ṣánṣán. Èyí tó o ní ó jọ pé ó ti ṣẹ́ rí yẹn, gbé e sábẹ́ iná kó o yí i díẹ̀díẹ̀, kí iná máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ kì í dán bíi ti ara yòókù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kó o ra káàdì 1956 mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àwọn tí wọn ò lókìkí, wọn ò wọ́n, èyí tí igun ẹ̀ ti gbó gan-an lo fẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó gé irú ẹ̀. Wo ẹ̀yìn wọn kó o tó rà á o, nọ́ńbà 1 sí 180 nínú ti ọdún yẹn, àwọn kan ẹ̀yìn wọn funfun, àwọn kan rí bí eérú, Mantle ni nọ́ńbà 135, torí náà èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti Mantle ẹ mu ni kó o rà. Fi Mantle sáàárín wọn, rọra tò wọ́n dọ́gba, má gbún wọn mọ́ tábìlì, kó o wá wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Tí tiẹ̀ bá rì wọlé, wàá rí i kíákíá. Lẹ́yìn ìyẹn mú awò kékeré táwọn tó ń ta góòlù ń lò, èyí tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá, fi wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí àwọn tí kò lókìkí yẹn á ti pọ́n díẹ̀, irun bébà á yọ wẹ́wẹ́, bí etí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ti Mantle bá mọ́lẹ̀ kedere, tó funfun ju bọ́dà iwájú ẹ̀ lọ, tí kò ní irun kankan, abẹ tuntun ló kọjá níbẹ̀. Wo igun náà dáadáa, nígbà míì abẹ máa ń yà díẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, igun yẹn á wá yọ ṣóńṣó síta.

Ẹ̀tàn míì ni kíkùn. Ìyẹn wọ́pọ̀ lára Topps 1971 torí bọ́dà ẹ̀ dúdú, tó bá ti ha báyìí funfun á yọ, àwọn kan á wá fi máákà kùn ún. Lórí tìẹ, gbé e lọ sínú òkùnkùn kó o tan blacklight sí i, ìyẹn iná aláwọ̀ àlùkò (UV): ibi tí wọ́n bá kùn tàbí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ kì í tàn bíi ti ara yòókù. Káàdì tí wọ́n bá sọ pé ó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni iná yìí wúlò fún jù, torí bébà ìgbà yẹn ò ní kẹ́míkà tó ń mú un tàn yòò, tó bá tàn, kì í ṣe ti ìgbà yẹn nìyẹn.

Má sì rò pé àwọn ẹni ńlá ò lè kó sí i. Káàdì Honus Wagner, eléré baseball àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní T206, èyí tó lókìkí jù láyé, tí Wayne Gretzky tó ń gbá hockey àti Bruce McNall tó ni ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn rà ní 451,000 dọ́là lọ́dún 1991, PSA, ọ̀kan lára àwọn kọ́ḿpìnì tó ń gréèdì, ló gréèdì ẹ̀, wọ́n fún un ní 8 nínú 10, wọ́n tún tà á ní 2.8 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2007. Ọdún 2013 ni Bill Mastro, tó ti fìgbà kan ni ín, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí ẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 20 fún un lọ́dún 2015 nítorí màgòmágó tó ń ṣe nínú ọjà gbàǹjo ẹ̀. Ó dùn mí tí mo bá ń sọ ọ́, torí káàdì yẹn ò bá ṣì pé pérépéré ká ní wọ́n fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gé tìẹ lóòótọ́, kì í ṣe ayédèrú o, Mantle ni síbẹ̀, PSA á gbà á sínú ike pẹ̀lú àkọlé Authentic Altered láìfún un ní nọ́ńbà, ó kàn máa dín owó gan-an ni. Kọ́kọ́ padà bá ẹni tó tà á fún ẹ, kó o fi rúlà hàn án. Tó bá di pé ìwọ fẹ́ tà á, kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà pé wọ́n ti gé e. Kó o tó ṣe ìkankan nínú wọn, yọ ọ́ kúrò nínú nylon, ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn ẹ̀ nítòsí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ẹ wò ó.