Káàdì tó wà nínú páálí bàtà: ṣé kí n tà á ni, àbí kí n tọ́jú rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa wá sí Chicago ní 1986. Láti ìgbà náà títí di 1991, káàdì bésíbọ́ọ̀lù, páálí pélébé tí àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀, ni mo ń fi owó tí wọ́n bá fún mi rà. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé àtijọ́ náà, wọ́n sì gbé páálí bàtà kan fún mi tí káàdì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Rọ́bà tí mo fi dì wọ́n ti yọ́ mọ́ àwọn kan lára, ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi sínú àpò káàdì nígbà náà sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní owó ilé ló wà níbẹ̀, ìyàwó mi ní pàǹtí ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kúuṣẹ́ ẹrù màmá, àbúrò mi. Iṣẹ́ tèmi ni títọ́jú ìwé àti àwòrán àtijọ́ kí wọ́n má bàa bàjẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Rọ́bà tó ti gbó a máa yọ́, lẹ́yìn náà a gbẹ, a le gbagidi, àbàwọ́n rẹ̀ a sì wọnú páálí. Ẹ má fà á. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e níbi tí kò ti kan káàdì, kí ẹ sì fi èyí tó ti lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ bá fi èékánná ha á, àwọ̀ ojú káàdì ló máa bá a ṣí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, àmọ́ káàdì ìgbà mìíràn ló ń sọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, káàdì agbábọ́ọ̀lù Mickey Mantle kan tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952 ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ìdí tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ku irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìgbà náà a máa so káàdì mọ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa dún bí alùpùpù. Tí wọ́n bá dàgbà, àwọn ìyá wọn a kó ìyókù dà nù. Kódà Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps tó ya káàdì 1952 náà, sọ pé àwọn fúnra àwọn kó èyí tí kò tà sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì lọ dà á sínú òkun.

Nígbà tí ẹ̀yin dé Chicago, gbogbo ayé ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń di owó, ni tọmọdé tàgbà bá ń rà á pa mọ́. Topps nìkan kọ́ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́: Fleer àti Donruss ti wọlé ní 1981, Score dé ní 1988, Upper Deck ní 1989. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù, kò sì sẹ́ni tó sọ tirẹ̀ nù. Ẹ wo ti Topps 1987 tí etí rẹ̀ dà bí pákó, oríṣi 792, tí mo mọ̀ dájú pé ó wà nínú páálí yín. Àwọn ènìyàn ṣì ní odindi páálí rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣí rí. Ọ̀pọ̀ nínú ti yín kò ju sẹ́ǹtì mélòó kan lọ. Mo mọ̀ pé ó dunni.

Síbẹ̀, ẹ wá káàdì agbábọ́ọ̀lù méjì yìí kí ẹ tó pa páálí dé. Èkíní ni Ken Griffey Jr. ti Upper Deck 1989, nọ́ńbà 1. Èkejì ni Frank Thomas ti Topps 1990, nọ́ńbà 414. Chicago White Sox ló gbá bọ́ọ̀lù fún, nítorí náà yóò ṣòro kí ọmọ Chicago má ní in. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níwájú, káàdì lásán ni. Àmọ́ àṣìṣe ìtẹ̀wé wà tó jẹ́ kí ibi orúkọ ṣófo lára ìwọ̀nba díẹ̀, ìyẹn ló wọ́n. Ẹ gbé káàdì sábẹ́ iná, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ṣé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mú, ṣé fífẹ̀ etí ọ̀tún àti tòsì dọ́gba, ṣé ojú rẹ̀ kò ní ìlà? Àwọn ilé iṣẹ́ bíi PSA máa ń fún káàdì ní máàkì láti 1 sí 10, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lè ju iye káàdì náà lọ. Lórí eBay, iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí olówó káàdì ń pè é.

Ní ti ṣíngọ́ọ̀mù, ẹ má fi omi sí i, ẹ má sì fi ìrésà pa á. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ káàdì ìgbà yẹn kò ní ohun tó bò ó, omi á mu ún lójú ẹsẹ̀. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹnì kan gbé káàdì Andre Dawson wá bá mi rí, igun rẹ̀ ti rí róbótó, ó ní kí n bá òun pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́. Mo gbé awò sí i: orúkọ ọmọ tí ó bá ṣe pàṣípààrọ̀ ni, ọwọ́ ọmọdé, lẹ́tà kan dorí kodò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Ẹ̀yin náà yóò rántí 1987, tí Dawson gbá bọ́ọ̀lù 49 kọjá ògiri fún Cubs, ẹgbẹ́ Chicago kejì, tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tábìlì ni ẹgbẹ́ náà wà.

Nítorí náà, ẹ ṣa àwọn tí ẹ rántí sọ́tọ̀ kí ẹ tó máa wo iye owó. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ike tí kò ní PVC, oríṣi ike kan tó lè ba káàdì jẹ́. Èyí tó bá ń rùn bí aṣọ òjò tuntun, ẹ má rà á. Ẹ tò wọ́n ní òòró sínú páálí tí kò ní ásíìdì, kí ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tí ẹ ń sùn, kì í ṣe gáréèjì tàbí abẹ́ ilé, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń lọ sókè sódò. Ẹ pe màmá jókòó, kí ẹ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra àwọn káàdì náà, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi í sínú páálí náà.