Èsì: Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè rọ́pò mámógíráàmù?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní mámógíráàmù, ìyẹn àwòrán X-ray tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ọmú, máa ń dùn yín, pé ṣé ẹ lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ègé DNA tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń já sínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá. Kókó tó ti dàgbà máa ń já púpọ̀ sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tó jẹ́ òun gan-an la fẹ́ tètè rí, kì í fi bẹ́ẹ̀ já nǹkan kan sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2018 lórí CancerSEEK, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń wá oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, nínú àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú, nǹkan bí 33 nínú 100 péré ni àyẹ̀wò náà rí. Èyí tó kù ńkọ́? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ti CA 15-3, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí ẹ dárúkọ, ẹni tí àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́pa ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ti ìrora, bí nǹkan oṣù yín bá ṣì ń wá, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ ro nígbà yẹn.