Ṣé a lè fi iná ilé gbé mítà oníbátìrì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Rédíò àti áńpù ni mò ń tún ṣe ní Arákàlẹ̀, nílùú Àkúrẹ́. Bátìrì 9V inú mítà tí mo fi ń wọn iná (multimeter) kì í pẹ́ kú, owó rẹ̀ sì ti ń wọ̀ mí lọ́rùn. Mo fẹ́ ṣe ohun tí màá fi máa gbé mítà náà láti ara iná ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní kapásítọ̀ kan àti résístọ̀ ti tó, pé n kò nílò tiransífọ́mà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má dán ti ọ̀rẹ́ rẹ wò. Kapásítọ̀ lè dín iná kù lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Àmọ́ kò ya iná náà kúrò lára waya ìta. Gílóòbù, ike ló bò ó yíká. Mítà ní tirẹ̀, waya pupa àti dúdú tó ní irin lẹ́nu ló wà lọ́wọ́ rẹ, irin yẹn á sì lè máa gbé 230V. Bí ìka rẹ bá kàn án, tí ẹsẹ̀ rẹ wà lórí símẹ́ńtì, ó lè pa ọ́.

Tiransífọ́mà ni kí o lò. Waya méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wé sínú rẹ̀, èyí tó ń gba iná ilé kò kan èyí tó ń lọ sí mítà. Tuntun ni kí o rà, má ra èyí tí wọ́n tún wé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra ti 9V torí pé 9V ni bátìrì. Ti 15V ni kí o rà. Régúlétọ̀ 7809 tí yóò fún ọ ní 9V gan-an ń fẹ́ kí iná tó ń wọlé fi bíi 2V ju èyí tó ń jáde lọ. Góńgó iná tó ń jáde lára tiransífọ́mà 9V máa ń tó bíi 12.7V; lẹ́yìn tí dáyóòdù, tó ń sọ iná AC di DC, bá ti mú tiwọn, bíi 11V ló máa kù. Ìyẹn tó bí iná bá pé 230V. Ṣùgbọ́n bí iná bá wálẹ̀ dé 180V lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, kò ní ju 8.5V lọ kó tó dé ẹnu régúlétọ̀. Ti 15V á ṣì gbé bíi 15V kalẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Bí yóò ṣe tò rèé: fíùsì 100mA níwájú, tiransífọ́mà, dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin, kapásítọ̀ 470µF tó lè gba 35V, 7809, àti 0.1µF kọ̀ọ̀kan ní ẹnu àbáwọlé àti àbájáde rẹ̀. Kó wọn sínú àpótí ike tó ní ìdérí. Mítà kì í gbà ju mílíáńpù díẹ̀ lọ, 7809 kò ní gbóná.

Ibi tí mítà ti sábà máa ń jó ni orí bátìrì, bí wọ́n bá so pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù rẹ̀ sódì. Ya orí bátìrì tó ti kú, kí o jó waya mọ́ ọn: èyí tó kéré, tó rí róbótó, ni pọ́sítíìfù, èyí tó tóbi, tí etí rẹ̀ pín, ni nẹ́gétíìfù. Bí o bá lo klíìpù bátìrì dípò rẹ̀, àwọ̀ waya á yí padà, pupa á di nẹ́gétíìfù. Fi mítà mìíràn wò ó kí o tó so ó pọ̀.

Lẹ́yìn tí o bá ṣe é tán, orí tábìlì nìkan ni kí o ti máa lò ó, fún iná kékeré inú rédíò. Bí o bá fẹ́ wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí ibi tí iná ilé ti ń wọ áńpù, yọ ọ́, kí o fi bátìrì sí i, kí o sì ti ìdérí mítà. Ìdérí tó tì yẹn wà lára ohun tó ń dáàbò bò ọ́.

Kí o tó náwó sí gbogbo èyí, so mítà kejì sí ojú ọ̀nà bátìrì, kí o wo iye tí mítà rẹ ń fà. Bátìrì alkaline tó dára yẹ kó gbé mítà tó ń fa 3mA ju 100 wákàtí lọ. Bí ó bá ń fà ju 20mA lọ láìtan iná ojú rẹ̀, mítà náà ló ní àléébù. Bí kò bá sì ní, ra bátìrì 9V méjì tó ṣeé ṣáàjì. Wọ́n á máa ṣiṣẹ́ fún ọ kódà nígbà tí kò bá sí iná.