Ṣé owó epo jẹnẹrétọ̀ lè rọ́pò owó orí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn, ₦150,000 lowó oṣù mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ń gba ₦40,000 lóṣù, mo tún ń san owó ọlọ́dẹ, mo ń ra omi. Òfin tuntun tún fẹ́ gba ìdá 15 nínú 100 owó oṣù mi. Ẹnìkan ní kí n mú ₦20,000 wá, òun á bá mi gba ìwé tí wọ́n á fi yọ gbogbo ìnáwó yìí kúrò nínú owó orí mi. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń tà á.

Ìnáwó ilé ni jẹnẹrétọ̀ yín. Ká ní ṣọ́ọ̀bù lẹ fi ń tanná fún ni, a ó yọ ọ́ lára èrè òwò ká tó ṣírò owó orí. Ti ilé kò sí níbẹ̀. Ohun tí òfin jẹ́ kí òṣìṣẹ́ oṣù yọ kò pọ̀: owó pẹ́ńṣàn, ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ẹ san (ohun tí ẹ máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ́dún), àti díẹ̀ mìíràn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tí onílé fún yín, ẹ jọ̀ọ́!

Ìdá 15 yẹn kì í ṣe lórí gbogbo owó yín. ₦1,800,000 lẹ ń gbà lọ́dún. Ẹ yọ pẹ́ńṣàn ₦144,000, ìyẹn ìdá 8 nínú 100. Tí owó ilé bá jẹ́ ₦400,000, ẹ yọ ₦80,000. Ó ku ₦1,576,000. Láti oṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦776,000 tó ṣẹ́kù ni ìdá 15 bá: ₦116,400 lọ́dún, ₦9,700 lóṣù. Kò tó ìlàrin owó epo yín.

Mo mọ̀ pé iye rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dùn yín. Ẹ ra epo, iná tàn. Ẹ san owó orí, ọ̀nà ṣì bàjẹ́. Ẹ̀dùn gidi ni. Àmọ́ àwọn Àgbẹ́kọ̀yà pàápàá, àwọn àgbẹ̀ tó jà nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn á san. Wọn ò ní àwọn ò ní san. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gba owó orí yín, Abuja kọ́. Aṣòfin ìpínlẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ lọ bi léèrè.

Ìṣirò mi lè yí díẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo owó oṣù ni wọ́n ń yọ pẹ́ńṣàn lé lórí níbi iṣẹ́ kan. Ẹ mú ìwé owó oṣù yín lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀. Kí ẹ sì bi wọ́n níbẹ̀ bóyá owó tí ọ̀gá yín ń yọ ń dé ọ̀dọ̀ wọn.